Sáìlò Tamale àti Sitọ́ọ̀ Tí Ẹgbẹ́ Wa Fẹ́ Tà

Ẹ̀yin ará wa ní Jos, Bukuru, Kaduna, Kano, Minna àti níbi gbogbo tí ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí lókè Ọya, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó dá sí i.

Ọ̀rọ̀ sitọ́ọ̀ ẹgbẹ́ wa ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Jos mọ irú sitọ́ọ̀ tí à ń wí: páànù lókè, bíríkì nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn irin tó ti dípẹtà, kò sì jìnnà sí ojú irin rélùwéè tí koríko ti bò. Láyé òyìnbó, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àpò tánganran jọ, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e lọ sí Port Harcourt. Nígbà tí iṣẹ́ kùsà rọlẹ̀, àwọn bàbá wa dáwó jọ, wọ́n rà á, wọ́n ń kó ẹ̀wà àti àgbàdo sí i. Ó ti lé lógún ọdún báyìí tí kò sí ohun kan níbẹ̀ ju eku àti páànù tó ń jò lọ.

Ẹnì kan ti wá fẹ́ rà á, ó fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́ pláàsà. Owó tó dá lé e kì í ṣe kékeré. Bí a bá pín in, oníkálukú á rí owó iléèwé ọmọ san, á tún rí nǹkan fi ra ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kan dìde nípàdé, pàápàá ọmọbìnrin kan tó kàwé nípa iṣẹ́ ọnà, wọ́n ní kí a má tà á. Wọ́n ní kí a fún àwọn ní ọdún méjì, kí àwọn sọ ọ́ di ibi tí ayàwòrán, agbẹ́gilére, amọ̀kòkò àti ayafọ́tò yóò ti máa gbé fún oṣù díẹ̀ díẹ̀, tí wọn yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Residency ni òyìnbó ń pè é.

Ìpàdé hó! Bàbá kan ní, "Ṣé àwòrán la máa jẹ ni?" Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wò ó o. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí wá yí bírí: àwọn ọmọ tí a kọ́ ló ń bẹ àwa àgbà pé kí a má gbé ilé tà.

Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, ọmọbìnrin yẹn dárúkọ Tamale ní Ghana. Ó ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ṣe irú rẹ̀, kí ẹgbẹ́ rán èèyàn lọ wò ó. Báyìí ni ẹgbẹ́ ṣe rán àwa mẹ́ta tí a ṣì ní ẹbí ní Ghana. Àpò àti oúnjẹ oníhóró là ń tà, a kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán wa, pé a ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá jẹ.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé Tamale kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ọ̀fà tó wà ní Jos lónìí, bàbá wọn tàbí bàbá bàbá wọn ti ṣòwò ní àríwá Ghana rí. Ìsọ̀ Yorùbá pọ̀ ní ọjà Tamale nígbà náà. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìyá wa sọ fún wa pé ọjà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi lù ú ní gbàǹjo. Ká sọ tòótọ́, Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Ghana ní 1983, débi pé orúkọ wọn mọ́ àpò onílà wọ̀nyẹn lára dòní: Ghana Must Go. Torí náà, bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ nípa ibi tí èèyàn fi sílẹ̀, tí ìsọ̀ ṣófo, tí ilẹ̀kùn wà ní títì, ọ̀rọ̀ ilé wa là ń sọ.

Kí wọ́n tó lé àwọn bàbá wa, nǹkan kan ti kọ́kọ́ dúró ní Tamale. Kwame Nkrumah fẹ́ kí Ghana lè tọ́jú oúnjẹ ara rẹ̀, ìjọba rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn sáìlò, ìyẹn ilé kọnkéré ńláńlá tí wọ́n ń da oúnjẹ oníhóró sí. Ọ̀kan wà ní Tamale. Ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966 ni àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah, iṣẹ́ sì dá dúró. Kọnkéré náà dúró síbẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Òjò rọ̀ sí i, koríko hù sí i, àdán kó sínú rẹ̀.

Ẹni tó rà á ni Ibrahim Mahama. Tamale ni wọ́n bí i sí ní 1987, ó sì kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì KNUST ní Kumasi. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni ohun tó mú kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa lójú: àpò kókó!

Oníṣòwò wo ni kò mọ ìrìn àjò àpò kókó? Éṣíà ni wọ́n ti ń hun ún. Ó dé Ghana, wọ́n kó kókó sí i. Tí ó bá kúrò lọ́wọ́ oníkókó, àgbàdo àti ẹ̀wà bọ́ sínú rẹ̀. Tó bá ti ń gbó lọ, ó di ti eléèédú, ibẹ̀ ni ayé rẹ̀ ń parí sí. Mahama máa ń wọ ọjà lọ, á fún àwọn èèyàn ní àpò tuntun, á gba ògbólógbòó lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ wa, ṣé ẹ gbọ́ irú pàṣípààrọ̀ yẹn rí? Ó wá ń kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti okùn rán àwọn àpò náà pọ̀ títí wọ́n á fi di aṣọ ńlá, wọ́n á sì dà á bo odidi ilé. Ó gbé e dé Venice ní 2015, ó gbé e dé Kassel ní Jámánì ní 2017. Ní 2024, ó fi aṣọ elésè àlùkò bo ara ilé Barbican ní Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ọwọ́ rán ní pápá ìṣeré Tamale.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó wọ̀ wá lára. Àwọn obìnrin alábàárù tó ń ti àríwá Ghana lọ sí Accra àti Kumasi máa ń fín orúkọ wọn tàbí ti ìlú wọn sí apá, kí àwọn èèyàn lè mọ ibi tí wọn yóò gbé wọn lọ bí jàǹbá bá ṣe wọ́n. Mahama ya fọ́tò àwọn apá wọ̀nyẹn. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta kọ gọ̀ǹbọ́. Bí a ṣe ń kọjá lọ nínú ọjà Tamale, bàbá arúgbó kan tó ń ta iyọ̀ wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ogbomosho!" Kò tíì béèrè orúkọ, kò tíì béèrè ibi tí a ti wá. Ilà tí àwọn bàbá wa kọ kí ọmọ má baà sọnù lójú àjò, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti lé wọn kúrò.

Nígbà tí owó dé fún Mahama, ìlú rẹ̀ ló kó o wá. Ní 2019 ó ṣí ibi kan tí wọ́n ń pè ní SCCA ní Tamale, ibi àfihàn àti ìwádìí tó tún ní àyè tí oníṣẹ́ ọnà àlejò lè máa gbé. Lẹ́yìn náà ni Red Clay, lẹ́yìn ìlú díẹ̀, tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ pupa kọ́. Sáìlò yẹn ló ṣìkẹta, ó sọ ọ́ ní Nkrumah Volini. Ihò ni volini ń tọ́ka sí ní èdè Dagbani, bí ẹ bá sì wọ inú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu.

Ohun tí a fojú rí nìyí. Ní Red Clay, àwọn ọkọ̀ òfurufú tí kò lè fò mọ́ wà nínú pápá, àwọn ọmọ iléèwé jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọkọ̀ rélùwéè àtijọ́ Ghana náà wà níbẹ̀. Ìjókòó onípákó tí èrò ti jókòó lé lórí rí wà nínú gbọ̀ngàn bíríkì kan, wọ́n tò ó bí ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kò sí ẹni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Nínú sáìlò, wọn kò lé àwọn àdán. Wọn kò fi ọ̀dà bo ògiri tí omi ti ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ ó mọ̀ pé ibẹ̀ ti di ahoro rí, ẹ ó sì rí i pé kì í ṣe ahoro mọ́.

A jókòó ti àwọn tó ń rán àpò. A bi wọ́n ní ìbéèrè oníṣòwò: kí lẹ ń rí níbẹ̀? Ọ̀kan nínú wọn ní owó iṣẹ́ òun ni òun ń gbà, ó tó òun jẹun. Ó wá fi kún un pé ọmọ òun máa ń wá síbẹ̀ lẹ́yìn iléèwé, ó sì ń bi òun ní ìbéèrè tí òun kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ìyẹn, inú rẹ̀ ń dùn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ghana nìkan ni. Nílùú Essen ní Jámánì, ibi ìwa èédú inú ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Zollverein. Ní 1986 ni wọ́n tì í pa. Ilé ńlá tí àwọn awakùsà ti máa ń wẹ ẹrẹ̀ èédú kúrò lára, inú rẹ̀ ni àwọn oníjó àti òṣèré ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. PACT Zollverein ni orúkọ rẹ̀, wọ́n ń gba oníṣẹ́ ọnà láti onírúurú ilẹ̀, wọ́n sì ń fún wọn ní àyè ìṣiṣẹ́ àti ibi tí wọn yóò sùn sí. Nílé wa níbí náà, nígbà tí wọ́n ṣe Lagos Biennial àkọ́kọ́ ní 2017, inú ṣẹ́ẹ̀dì tí rélùwéè ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe tẹ́lẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe é. Àmọ́ àfihàn ní ọjọ́ ìparí. Bó bá ti parí, oníkálukú á kó ẹrù rẹ̀, ibẹ̀ á tún padà sí bó ṣe wà. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń béèrè yàtọ̀ síyẹn: kí èèyàn máa gbé ibẹ̀.

Àwa àlejò ló yẹ kó tètè lóye èyí. Kí ló sọ Jos di ilé fún wa? Àwọn bàbá wa kò wá síbí wá wo òkè, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì lọ. Wọ́n gbé ibẹ̀. Wọ́n jẹ ọ̀dùnkún wọn, wọ́n gbọ́ èdè wọn, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà tó bá wá kun ògiri lọ́sẹ̀ kan, tó sì bá tirẹ̀ lọ, àlejò ọ̀sán ni. Ẹni tó bá gbé oṣù mẹ́ta, tó ń ra tòmátì lọ́wọ́ ìyá tó wà lójúde, tí àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ orúkọ rẹ̀, ìyẹn lè rí ohun tí ó yẹ kó fi ibẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Jos fúnra rẹ̀. Gbogbo wa mọ àwọn adágún tí ìwakùsà fi sílẹ̀ káàkiri. Nígbà tí ọjà tánganran dojú dé lágbàáyé ní 1985, àwọn tó ń wà á lọ, ihò ṣẹ́kù. Àgbẹ̀ ń fi omi rẹ̀ bomi rin oko ní ẹ̀ẹ̀rùn, a dúpẹ́. Ọmọdé ń kú sínú rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ihò kùsà yìí náà ni ère Nok ti jáde. Ní 1928 ni àwọn awakùsà kọ́kọ́ wú u lẹ́bàá abúlé Nok. Ní 1943, nítòsí Jemaa, akọ̀wé ibi ìwakùsà kan gbé orí amọ̀ kan lọ sílé, ó fi ṣe aṣọ́komásùn nínú oko iṣu fún bí ọdún kan kí ó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, ẹni tó mọ ohun tó jẹ́. Ère tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, ẹyẹ ni wọ́n fi ń lé! Ní 1952 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos. Ẹ rò ó wò, kí ni sitọ́ọ̀ yìí lọ́wọ́ wa báyìí, bí kò ṣe aṣọ́komásùn?

Ohun tó wà lọ́kàn wa jù nìyí, a ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni àdúgbò ti ń pín ní ìlú yìí. Àwọn Mùsùlùmí kó síhìn-ín, àwọn Kìrìsìtẹ́nì kó sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ wa dàgbà láì mọ òpópónà tí àwọn bàbá wọn ti gbá bọ́ọ̀lù. Sitọ́ọ̀ wa wà lójú ààlà gan-an. Àwa Yorùbá ní Alhaji àti Páítọ̀ nínú ilé kan náà, a jọ ń jẹ ẹran iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ta ló tún yẹ kó ṣílẹ̀kùn síhà méjèèjì bí kì í bá ṣe àwa? Bí a bá kọ́ pláàsà síbẹ̀, ẹni tó lówó ìsọ̀ ló máa wọlé. Bí ọmọ Berom, ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò àti ọmọ tiwa bá jọ ń po amọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ò sọ pé ìjà tán o, àmọ́ wọ́n á mọ orúkọ ara wọn.

Bàbá tó béèrè bóyá àwòrán la máa jẹ, ìbéèrè wọn dára, wọ́n yẹ fún ìdáhùn. Mahama ń ta iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ òkèèrè, owó yẹn ló fi ń kọ́lé fún Tamale. Ẹgbẹ́ wa kò ní Mahama. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣírò ó bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò.

Kí a dá sitọ́ọ̀ sí méjì. Iwájú, kí a háyà rẹ̀ fún àwọn oníhóró, kí owó háyà yẹn tún páànù ṣe, kí ó sì san owó ọlọ́dẹ. Ẹ̀yìn, kí a kọ́ yàrá mẹ́ta síbẹ̀, oníṣẹ́ ọnà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá wá kò ní san owó ilé, ṣùgbọ́n dandan ni kó kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yà yòówù kí wọ́n jẹ́, láì gba owó. Bíríkọlà, káfíńtà àti aránṣọ tí wọn yóò bá lò, kí ó jẹ́ ará àdúgbò. Kí wọ́n má wó ògiri àtijọ́, kí wọ́n má sì kun àmì ìwọ̀n àpò tánganran tó wà lára rẹ̀. Lóṣooṣù, kí àwọn ọmọ wa fi ìwé owó han ẹgbẹ́, kọ́bọ̀ dé kọ́bọ̀. Bí ọdún méjì bá pé tí kò wọlé, ilẹ̀ kì í sá lọ, olùrà á tún wà.

A mọ̀ pé ọdún méjì kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí owó iléèwé ọmọ ń lé kiri. Àwọn ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ nílò owó náà nísinsìnyí, a sì bẹ ẹgbẹ́ kí ó yá wọn nínú àpapọ̀ owó, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀dùn ọkàn dìbò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ kò lè dá páànù ṣe, àwa náà kò lè dá mọ ohun tó wà nínú sitọ́ọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí ni ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí àgbà wá, kí ọ̀dọ́ wá, kí àwọn ìyá wa má jókòó sílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kaduna àti Kano, tí ẹgbẹ́ yín náà ní ilé àtijọ́ tó ń jò, ẹ sọ fún wa ohun tí ẹ ń fi ṣe. Kí oníkálukú kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá kó tó wá, kó ti ilẹ̀kùn yẹn wò, kó wo inú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akápò.